Àwo Ọ̀bẹ̀ àti Àwo Orin

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ayẹyẹ ìfilọ́lẹ̀ àpò owó ẹgbẹ́ wa ní Garki, Àbújá

  A mọ̀ pé ebi ti ń pa yín. A kò ní pẹ́.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fún wa. Akọ̀wé ti gbé aago kan ka iwájú wa kí a má baà rí ohun wí. Aago náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀bùn ìrántí òkú. Àwòrán ìyá àgbà kan wà nínú rẹ̀, gèlè wọn ga, ọwọ́ aago sì ń yí lójú wọn ká. Ó pẹ́ tí aago yìí ti wà nínú ilé ìpàdé wa. A ti béèrè lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà ẹgbẹ́ pé ta ni ìyá yìí, kò sí ẹni tó mọ̀ wọ́n. Orúkọ tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ ti pa rẹ́. Ohun tí a mọ̀ nípa wọn lónìí kò ju pé ọwọ́ kékeré ti kọjá imú wọn, ó ń lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn ìrántí yìí, àti ọ̀rọ̀ orin, ni wọ́n ní kí a bá yín sọ. Àwọn kan lè wí pé méjèèjì kò tan. Ẹ fara balẹ̀, ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti tan.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ka ohun tó wà nínú ilé tiwa nìkan, torí bí a bá ka ti ilé ẹlòmíràn, ìjà ni yóò dà. Korobá mẹ́fà ni a ní. Mẹ́ta jẹ́ ti ìsìnkú, méjì jẹ́ ti ìgbéyàwó, ọ̀kan jẹ́ ti ìwúyè. Ọ̀kan nínú ìgbéyàwó méjèèjì ti tú ká, ṣùgbọ́n korobá rẹ̀ kò jò rárá. Abọ́ rọ́bà ńlá kan wà tí a fi ń fọ ṣàkì. Àwòrán bàbá kan tí wọ́n jẹ́ alàgbà ìjọ wà ní ìdí rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, gbogbo Sátidé ni a sì ń da ìfun màlúù lé wọn lójú. Abẹ̀bẹ̀ wà, aṣọ ìnura wà, agboòrùn wà. Ọ̀rẹ́ wa kan ní Area 8 gba ìgékánná níbi ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún olóyè kan. Ojú olóyè náà kéré lára rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dà bí ẹni pé àwọn ni wọ́n fẹ́ gé. Èyí tó ya wá lẹ́nu jù lọ ni búrọ́ọ̀ṣì tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí wọ́n fún wa níbi ìdúpẹ́ kan, tí wọ́n fi lẹ́tà aláwọ̀ wúrà kọ orúkọ tọkọtaya sí ọwọ́ rẹ̀. A kò lè sọ èrò tó wà lọ́kàn ẹni tó yàn án. À ń lò ó.

Ẹni tó bá rò pé ayé ìsinsìnyí ló bí àṣà yìí, kò tíì bi àwọn ìyá wa aláró léèrè. Ní 1935 ni Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àjọyọ̀ ọdún 25 lórí oyè. Àwọn èèyàn rẹ̀ tẹ àwòrán òun àti Ayaba Mary sórí ife, sórí àwo, sórí agolo. Àwọn aláró wa wo ojú ọba, wọ́n wo ojú ayaba, wọ́n ní kí ló dé tí àwọn kò fi wọ́n sínú aró? Báyìí ni adìrẹ Olọ́ba ṣe jáde. Ọba George kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Yorùbá rí títí ó fi wàjà ní 1936, ṣùgbọ́n ó lọ sí ọjà, ó lọ sí odò, ó bá wọn pọn ọmọ, ó jókòó ti àwọn ìyá wa nídìí ààrò, irùngbọ̀n rẹ̀ sì ń tàn nínú ẹ̀lú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Ìbàdàn Dùn, adìrẹ tí wọ́n ya òpó Gbọ̀ngàn Mápó sí, gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929. Láàárín òpó kan sí òmíràn, wọ́n ya ṣíbí. Ẹ gbọ́ o, ṣíbí! Obìnrin tó kọ́kọ́ ya á mọ̀ pé ibi tí gbọ̀ngàn bá wà, oúnjẹ kì í jìnnà síbẹ̀. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń wo ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹ lè jẹ́rìí sí i.

Kí wá ni ìyàtọ̀ láàárín Olọ́ba àti korobá wa? Aláró fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe tirẹ̀. Ó gba ojú ọba òyìnbó, ó sọ ọ́ di nǹkan Yorùbá. Ọba kú, aṣọ kò kú. Wọ́n kó o pamọ́ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù. Korobá tiwa, ilé iṣẹ́ kan ni ó yọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ ọgọ́rùn-ún mìíràn. Tiwa nínú rẹ̀ kò ju bébà tí a lẹ̀ mọ́ ọn lára. Omi kejì ni yóò bó o.

Ó yẹ kí a wá dé orí àwo. Orúkọ kan náà ni Yorùbá fi pe àwo tí a fi ń jẹun àti àwo tí ń kọrin. Nígbà tí àwo gramafóònù dé, àwọn bàbá wa kò lọ wá orúkọ kiri. Wọ́n rí i pé ó rí roboto, ó pẹlẹbẹ, wọ́n ní àwo ni. A ní àwo ọ̀bẹ̀, a ní àwo orin. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa èwo ló ń pẹ́ nínú méjèèjì.

Ní 1971, Haruna Ìṣọ̀lá ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, bàbá àpàlà, kọrin fún ẹgbẹ́ kan ní Òṣogbo tí wọ́n ń pè ní Òrókí Social Club. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ ni, bí tiwa yìí gan-an: wọ́n ń ṣe ìpàdé, wọ́n ń dá owó, wọ́n ń dá aṣọ, kò sì dá wa lójú pé wọn kì í jà. Wọ́n sọ pé àwo náà tà tó mílíọ̀nù márùn-ún. Ẹ mọ bí a ṣe máa ń ka nǹkan nílẹ̀ wa. Kódà bí ẹ bá yọ mẹ́rin kúrò, ó ṣì pọ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tí kò dé Òṣogbo rí mọ orúkọ ẹgbẹ́ náà. Haruna Ìṣọ̀lá fúnra wọn di olóògbé ní 1983, àwo náà kò tíì dákẹ́. Bí àwọn ẹgbẹ́ yẹn bá pín abọ́ fún àlejò wọn lọ́dún náà, abọ́ yẹn ti fọ́.

Haruna Ìṣọ̀lá tún ṣe ohun kan tí a kì í sọ tó. Ní 1969, òun àti I.K. Dairo dá ilé iṣẹ́ àwo tiwọn sílẹ̀, Star Records, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ló ń tẹ àwo fún púpọ̀ nínú àwọn olórin wa, tí wọ́n ń fún wọn ní owó tí kò tó ra ẹ̀wù. Onílù àpàlà kan àti oníjùjú kan, Mùsùlùmí kan àti Kírísítẹ́nì kan, fi orí korí. Ẹ̀yin tí ẹ ń jà nípa bóyá imam ni yóò kọ́kọ́ gbàdúrà lónìí tàbí pásítọ̀, ẹ fi etí sí i.

I.K. Dairo yìí náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni, ṣùgbọ́n Ọ̀fà ni wọ́n bí i sí, torí níbẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ ìdálẹ̀ ni, bí àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí ní Garki. Bàbá rẹ̀ jẹ́ káfíńtà. Nígbà tó rí i pé ọmọ fẹ́ràn ìlù, ó gbẹ́ ìlù kan fún un. Ìlù kékeré yẹn ló sọ ọ́ di I.K. Dairo, ẹni tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá lọ́lá ní 1963, tó gbé ẹ̀rọ akódíọ́nì wọ inú jùjú, tó sì fi èdè púpọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà kọrin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé káfíńtà yẹn. A ó padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi wá pé kí ló dé tí orin àwọn bàbá wọn fi gùn tó bẹ́ẹ̀, tí olórin yóò máa pe orúkọ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àwo gan-an ló fà á. Àwo àtijọ́, èyí tó wúwo tó sì ń fọ́ bí abọ́ amọ̀, kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ ní ojú kan. Olórin yóò yára kí ẹni kan, yóò yára dákẹ́. Nígbà tí àwo ńlá dé, tó gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ní ojú kan, àyè ṣí sílẹ̀. Ebenezer Obey àti King Sunny Ade kò wá dá orin dúró mọ́; wọ́n fi orin kan wọ inú òmíràn títí abẹ́rẹ́ fi dé àárín. Inú àyè yẹn ni àwọn orúkọ wọlé: kọngilá, oníléèsì, alápatà, onímọ́tò, ìyá olójà, pẹ̀lú orúkọ bàbá wọn àti orúkọ àdúgbò wọn. Nígbà tí Obey ṣe àwo Board Members ní 1972, àwọn kan rojọ́ pé olówó nìkan ló ń kí. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn àwọn oníṣòwò Èkó ìgbà náà lónìí, ìdí gramafóònù ni kí ó kọ́kọ́ jókòó sí kó tó lọ wo ìwé ìjọba. Ìwé ìjọba kò sọ ẹni tó lawọ́.

Garki tí a jókòó sí yìí pàápàá, àwo kan kàn án. Ní 3 February 1976 ni ìjọba Ọ̀gágun Murtala Muhammed ṣe òfin tó dá Àbújá sílẹ̀, lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ Adájọ́ Akínọlá Agúda, ọmọ wa, ti yan ibi yìí. Ọjọ́ mẹ́wàá péré lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n yìnbọn pa Murtala ní Èkó. Kò rí òpópónà kan níbí. Lọ́dún kan náà, ọmọdébìnrin kan, Sàláwà Àbẹ̀ní, tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún, fi wákà dárò rẹ̀ nínú àwo. Wọ́n ní òun ni obìnrin àkọ́kọ́ nínú irú orin bẹ́ẹ̀ tí àwo rẹ̀ tà ju mílíọ̀nù kan lọ nílẹ̀ wa. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló sunkún orúkọ ẹni tó dá ìlú wa sílẹ̀, ó fi èdè wa sun ún, ẹkún náà sì wà níbẹ̀ títí di òní fún ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tí yóò fi gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ wa mélòó ló mọ̀ ọ́n?

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti owó díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ olórin kò pé láìsí owó. Owó 100 náírà tí wọ́n gbé jáde ní 1999, ojú Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà ní iwájú rẹ̀, òkè Zuma tó wà lẹ́bàá ọ̀nà Kàdúná wà ní ẹ̀yìn. Ó dà bí ẹni pé àwa ọmọ Yorùbá Àbújá ni wọ́n ro nígbà tí wọ́n ń ya á: ilé wa níwájú, ibi tí a ń gbé lẹ́yìn. Kí ni a wá ń fi í ṣe? A lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí onílù, ó já bọ́, a jó lé e lórí. A tẹ Awólọ́wọ̀ mọ́lẹ̀, a tún tẹ òkè Zuma lé wọn lórí. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 sọ pé ẹni tó bá lẹ owó kiri tàbí tó jó lórí rẹ̀ lè ṣe ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí kó san owó tí kò dín ní ₦50,000, tàbí kó jẹ méjèèjì. Ilé ńlá báńkì náà kò jìnnà síbi. Alága ti ní kí a kìlọ̀ fún yín pé inú àpòòwé ni kí ẹ fi owó tòní sí. Àwọn onílù kò fẹ́ràn ìkìlọ̀ yìí. Ẹ fi orúkọ wọn sí àpòòwé tiwọn.

Ohun kan tún wà tí ìgbé ìdálẹ̀ kọ́ wa. Púpọ̀ nínú wa dé Garki pẹ̀lú ìgbéraga pé ìlù tó ń sọ̀rọ̀, tiwa nìkan ni. A dé ibí, a rí àwọn Haúsá pẹ̀lú kàlàngú lábẹ́ apá, wọ́n ń fún un, ó ń sọ̀rọ̀, bí gángan gan-an. Ní ti sákárà tí Yusuf Ọlátúnjí, Bàbá Lẹ́gbà, fi gbayì títí wọ́n fi kú ní 1978, gòjé olókùn kan tó ń ké nínú rẹ̀ bí ẹni tí oorun kò kùn, láti ọ̀dọ̀ àwọn ará òkè ọya ló ti sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá gbọ́ ọkùnrin kan tó ń ta gòjé lẹ́bàá ọjà Garki lálẹ́, ẹ má pè é ní orin àjèjì. Ìbátan Bàbá Lẹ́gbà ni.

Àwọn Gbagyi tí wọ́n ni ilẹ̀ kí a tó dé, èjìká ni àwọn obìnrin wọn máa ń gbé ẹrù sí, wọn kì í gbé e sórí. Wọ́n ní orí kì í ṣe ibi ẹrù. Àwa tí a mọ oríkì orí, tí a ń sọ pé orí ẹni ni òòṣà ẹni, àwa náà la tún di igi ìdáná, a gbé e lé òòṣà náà lórí. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń pa wá lẹ́rìn-ín, ó sì máa ń pa wá lẹ́nu mọ́. A fún ìyá kan nínú wọn, tó ń ta ẹ̀fọ́ ládùúgbò wa, ní korobá ẹgbẹ́ lọ́dún tó kọjá. Ó gbé e sí èjìká. Látìgbà náà, akápò wa àtijọ́ ti ń lọ sí ọjà lójoojúmọ́, wọ́n kọ ojú sẹ́yìn.

A tún ní ẹjọ́ kan tí a fẹ́ rò. Alhaji Sikiru Àyìndé Barrister, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, wọ́n kú ní 2010. Àwọn ni wọ́n mú wéré, orin tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí àwọn èèyàn jẹ sààrì nínú oṣù àwẹ̀, tí wọ́n sọ ọ́ di fújì. Wọ́n sọ ọ́ fúnra wọn pé àwòrán òkè Fuji ti ilẹ̀ Japan tí àwọn rí ní pápákọ̀ òfúrufú ni àwọn ti mú orúkọ náà. Òkè kan wà ní Japan tí ó ní orin ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwa ti ń gbé nítòsí òkè Zuma láti ọjọ́ yìí wá, àwo kan péré kò tíì ti ọwọ́ ẹgbẹ́ wa jáde. Zuma kò kéré. Ojú rẹ̀ pàápàá hàn lára òkúta.

Ní ti àwọn ọmọ wa, a kò ní bú wọn. Ní 2022 nígbà tí Aṣakẹ gbé àwo rẹ̀ jáde, ohùn fújì ló gbà wọ inú orin ìgbàlódé, Yorùbá ló sì fi kọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Gbogbo Garki ń kọ ọ́. Ọmọ Tiv tó ń fọ mọ́tò ń kọ ọ́, ọmọ Igbo tó ń tún fóònù ṣe ní Area 1 ń kọ ọ́, ọmọ tiwa náà ń kọ ọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ẹ̀rín ni pé nígbà tí ọmọ Tiv náà bi ọmọ wa pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, ọmọ wa ní òun náà ń wá ẹni tí òun yóò bi. Àwọn méjèèjì jọ dúró lẹ́bàá Ladoke Akintola Boulevard, òpópónà tí wọ́n fi orúkọ ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú jù nínú àwọn olóṣèlú Yorùbá sọ, kò sì sí ẹni tí yóò túmọ̀ fún wọn.

Ẹ̀rín yẹn pọ̀ díẹ̀ lẹ́nu wa lọ́jọ́ náà. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni a lọ síbi ìkómọ ọ̀kan nínú wa. Onígángan kan wà níbẹ̀, àgbàlagbà. Ó béèrè ìlú bàbá ọmọ, ó béèrè agbo ilé wọn, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Bàbá ọmọ ń jó, ó ń fi owó sí i lọ́wọ́. Àkọ́bí rẹ̀, ọmọ bí ọdún mẹ́wàá, fà á láṣọ: “Dádì, kí ni wọ́n ń sọ?” Ó ní, “Wọ́n ní kí n mú owó sí i wá.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Onílù náà dá ọwọ́ dúró. Ó wò wá, ó wá fi ẹnu sọ ọ́ ní jẹ́jẹ́ fún ọmọ náà pé, “Rárá o, ọmọ mi. Oríkì ìyá tó bí bàbá bàbá rẹ ni mò ń kì.” Ó ní àwọn bàbá òun ti máa ń kì í nínú agbo ilé yẹn, inú ìlù nìkan ló kù sí. Bàbá ọmọ kò gbọ́ orúkọ ìyá náà rí láyé rẹ̀. Ọmọ náà ní kí wọ́n tún un lù. Wọ́n tún un lù lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò rántí láti gbé fóònù jáde kó gbà á sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ fóònù tó wà nínú iyàrá yẹn tó láti ra mọ́tò.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ dé. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ayẹyẹ tòní jókòó, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n mú wá ni iye owó korobá: aláwọ̀ ewé, ọlọ́mọrí, àwòrán alága ní iwájú, àmì ẹgbẹ́ ní ẹ̀yìn. A bi wọ́n pé èló ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́. A ní kí àwọn tó mọ ìṣirò pín in sí iye gángan, àti ẹ̀kọ́ ọdún kan lọ́wọ́ onílù. Ilé dákẹ́.

Ìyá Ẹgbẹ́ ló dá wa lóhùn, a kò sì ní fi ọ̀rọ̀ wọn pamọ́, torí ọ̀rọ̀ àgbà ni. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ̀yin kọ́ lẹ ń pọnmi. Korobá tí ẹ ń fi ṣẹ̀fẹ̀ yìí, omi kì í wá sí ilé àwọn ẹlòmíràn nínú wa fún ọjọ́ mẹ́ta. Obìnrin tó fi owó mọ́tò wá láti Nyanya, tó bá wa jókòó láti àárọ̀, kò yẹ kó padà lọ́wọ́ òfo. Oríkì kì í pọnmi.” Kò sí ẹni tó lè bá wọn jiyàn. Àwa náà kò jiyàn. A kàn bẹ̀ wọ́n pé kí a dín iye korobá kù sí ìdajì, kí ó lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò fi pọnmi nítòótọ́, kí a sì yọ àwòrán alága kúrò. Àwọn alága fara mọ́ ọn. Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fara mọ́ ọn.

Owó tó kù ni a fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ káfíńtà Ọ̀fà yẹn. Gángan méjì tí a yá ni àwọn ọmọ fi ń kọ́ ìlù báyìí, ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, agogo mẹ́rin, ní ilé ìpàdé. Ọmọ mọ́kànlá ló ń wá. Mẹ́sàn-án ń dúró, méjì ń lù. Onílù tó ń kọ́ wọn ni bàbá ibi ìkómọ yẹn; wọ́n ní àwọn kò ní gba owó lọ́wọ́ ọmọ tó bá lè ki ìyá bàbá rẹ̀. Láàárín ọmọ mọ́kànlá, a ṣì ń wá irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Èyí tí ẹ bá fi sínú àpòòwé tòní, ìlù la ó kọ́kọ́ fi rà, kó tó kan síméǹtì ilé ẹgbẹ́.

Iṣẹ́ kejì ni gbígba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀. Ẹ lọ sílé lọ́dún Iléyá tàbí ní Kérésìmesì, ẹ bá àwọn ìyá yín jókòó, ẹ gbé fóònù sítòsí, ẹ ní kí wọ́n ki agbo ilé yín. Kí ẹ kọ́kọ́ pa tẹlifíṣọ̀n. Kí ẹ bi wọ́n lórúkọ gbogbo ẹni tí wọ́n bá dá, kí ẹ sì sọ orúkọ tiwọn náà àti ọjọ́ náà sínú rẹ̀, kí ohùn wọn má baà di bí ìyá inú aago tó wà níwájú wa yìí. Akọ̀wé yóò gbà á lọ́wọ́ yín, yóò kó o pamọ́ sí ibi méjì.

Ìkẹta ni àwo orin. A mọ̀ pé wọ́n wà nínú páálí lábẹ́ ibùsùn yín, àwọn mìíràn kó wọn wá láti Èkó nígbà tí ìjọba kó dé ibí ní 1991, wọn kò sì tíì tú wọn. Ẹ má tò wọ́n lé ara wọn, òòró ni kí ẹ tò wọ́n. Ẹ má gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀. Oòrùn Àbújá yóò tẹ̀ wọ́n bí àkàrà. Ẹ má sì tà wọ́n fún ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn. A rí ọ̀kan ní ọjà àwọn oníṣẹ́ ọnà kan nílùú yìí: wọ́n ti fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, wọ́n ti ká etí rẹ̀ sókè, ó ti di abọ́ ìkó-òdòdó, wọ́n ń tà á fún àwọn àlejò. A yí i wò. Orúkọ tó wà láàárín rẹ̀ ṣì hàn, àpàlà ni. Àwo orin ti di àwo ọ̀bẹ̀. A ra abọ́ náà, ó wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, ẹ lè wò ó bí ẹ bá ń jáde. Ẹ má bu omi sí i, ihò wà nídìí rẹ̀.

Akọ̀wé ti ń na ìka sí aago. Àwọn ọmọ náà yóò lu ìlù fún yín lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ má retí pé yóò dùn púpọ̀, ọ̀sẹ̀ kẹfà wọn rèé, gángan méjì ni wọ́n sì ń gbà lọ́wọ́ ara wọn. Orúkọ ẹgbẹ́ wa nìkan ni wọ́n tíì lè lù. Ẹ dákẹ́ kí ẹ lè gbọ́ ọ. Korobá wà lẹ́yìn tábìlì akápò, ẹ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ẹni tó bá ń bọ̀ láti ibi jíjìn ni kí ó kọ́kọ́ gbà.